Ta Ni Wolé-Wolé Ilé Àwọn Àgbà?

Àwọn tí orí wọn ti ń funfun nínú àwọn òǹkàwé wa kò lè gbàgbé wolé-wolé. Bí ó bá ti yọ ní ìkángun àdúgbò pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀, ìròyìn a ti sáré ṣáájú rẹ̀: àwọn ìyá a máa da omi àná nù, wọn a máa fọ àmù, wọn a máa gbá ẹ̀yìnkùlé, kí ó má baà rí tanwíjí nínú omi mímu kí ó sì pe baálé ilé lẹ́jọ́. A fi í ṣe ẹlẹ́yà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣépè fún un lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ohun tí ó ń wá, tàbí pé ilé òun ga ju ibi tí ó lè wọ̀ lọ.

A rántí rẹ̀ ní oṣù yìí nítorí ìbéèrè kan tí ó ti ń gbé wa lọ́kàn. Àwọn ilé kan wà ní àwọn ìlú wa nísinsìnyí tí àwọn ọmọ ń gbé bàbá àti ìyá wọn lọ, tí wọ́n sì ń sanwó lóṣooṣù kí a lè máa bọ́ wọn, kí a máa wẹ̀ wọ́n, kí a sì máa ṣọ́ wọn. Ta ni wolé-wolé irú ilé bẹ́ẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó nìkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ilé Regina Mundi ti ìjọ Kátólíìkì ní Muṣin, wọ́n sì mọ ilé àwọn àgbà ti ìjọba ní Yábàá. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ti àwọn aládàáni, tí wọ́n ń ṣí tiwọn ní àwọn ìlú ńláńlá. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká: ọ̀kan wà ní Abuja, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Houston, ìyàwó tí ó kù sílé ń lọ síbi iṣẹ́ láti ìdájí títí di alẹ́, ilé tí a sì ń kọ́ nísinsìnyí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àgbà lè jókòó sí kí gbogbo agbo-ilé máa fojú ṣọ́ ọ. Bí àìsàn ìgbàgbé bá wá mú àgbà náà, tí ó ń dìde lóru láti lọ sí oko tí a ti tà láti ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìfẹ́ nìkan. Ó ti di iṣẹ́ tí ó gba ọwọ́ púpọ̀ àti ẹ̀kọ́ pẹ̀lú.

A mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n a kò sí lára àwọn tí ń fi òwe yìí gún ọmọ ẹlòmíràn lójú. Ọmọ tí ó sanwó fún ilé rere, tí ó sì ń yọjú síbẹ̀, sàn ju ẹni tí ó fi ìyá rẹ̀ ti ọmọdébìnrin ọlọ́dún méjìlá lọ́rùn ní abúlé, tí ó wá ń fọ́nnu pé òun kò gbé ìyá òun lọ sí ilé arúgbó. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni ìtìjú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í jẹ́ kí ará ilé mọ̀. Bí a bá béèrè Màmá, wọn a ní Màmá ti lọ bá ẹ̀gbọ́n gbé. Ilé tí kò sí ẹni tí ó lè jẹ́wọ́ pé ìyá òun wà nínú rẹ̀, ta ni yóò béèrè bí wọ́n ti ń ṣe ìyá náà níbẹ̀? Abẹ́ ìtìjú wa yìí ni olùtọ́jú búburú sá pamọ́ sí, olùtọ́jú rere kò sì rí ẹni tí yóò yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àkókò Kérésìmesì, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí ilé kan tí n kò ní dárúkọ, láti kọrin fún àwọn àgbà ibẹ̀ kí a sì gbàdúrà fún wọn. A ti kọ̀wé ṣáájú. Nígbà tí a dé, ilẹ̀ ń dán, aṣọ ibùsùn funfun báláú, òórùn oògùn apakòkòrò gba gbogbo ilé. Ìyáàfin tí ó ni ilé náà mú wa yí ká, a jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò, mo sì dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn. Mo gbàgbé agboòrùn mi síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí mo ti ń ti ibòmíràn bọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, mo yà láti mú un. Ọmọdébìnrin kan ṣoṣo ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́. Àgbà méjìlélógún ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ funfun ọjọ́ Kérésìmesì ti padà sínú àpótí. Orí rọ́bà lásán ni àwọn mìíràn sùn sí. Ìyá àgbà kan jókòó nínú aṣọ tí ó ti tutù láti ọ̀sán. Ife omi rẹ̀ wà lójú fèrèsé, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Mo gbé omi fún un, ó mu ife méjì léra. Nígbà tí ó gbọ́ pé agboòrùn ni mo wá mú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbàgbé nǹkan síbí.”

N kò bá ọmọbìnrin náà wí. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì wá. Ara mi ni mo bá wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì mọ ohun tí a máa ń ṣe bí a bá gbọ́ pé alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì: a ó kun ògiri, a ó to ìwé, a ó sì fi ọmọ tí kò mọ̀wé jókòó sẹ́yìn ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ gbogbo ẹ̀tàn yìí ni mo lọ jókòó sí ilé àwọn àgbà, tí mo jẹ ìrẹsì, tí mo sì jẹ́rìí sí ohun tí n kò mọ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀ràn yìí jù wá lọ, nítorí pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń rí oúnjẹ òòjọ́, pàápàá láti oṣù kejì ọdún 2022 tí ìjọba ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun, títí di oṣù keje 2025 tí wọ́n tún tì í mọ́ àwọn tuntun. Ní ilẹ̀ náà, òfin National Assistance Act ti 1948 ni ó pa á láṣẹ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n pèsè ibùgbé fún àwọn àgbà tí kò lè dá ara wọn tọ́jú, kí a sì máa forúkọ ilé àwọn aládàáni sílẹ̀ kí a sì máa bẹ̀ wọ́n wò. Òfin wà, síbẹ̀ nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Townsend lọ wo ilé 173 ní England àti Wales, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ The Last Refuge jáde ní 1962, ó fi hàn pé inú àwọn ilé tí a ti kọ́ fún àwọn aláìní láyé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń gbé. Láti 2009, àjọ tí à ń pè ní Care Quality Commission ni ó ń ṣe wolé-wolé ní England. Ìbéèrè márùn-ún ni ó ń béèrè: ǹjẹ́ kò sí ewu? ǹjẹ́ ìtọ́jú náà ń ṣe àgbà lóore? ǹjẹ́ inúure wà níbẹ̀? ǹjẹ́ wọ́n ń wo àìní ẹnì kọ̀ọ̀kan? ǹjẹ́ olórí ilé mọ iṣẹ́ rẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ilé náà sí ipò kan nínú mẹ́rin: ó tayọ, ó dára, ó ń fẹ́ àtúnṣe, kò tó rárá. Láti 2015 ni ó ti di dandan pé kí ilé fi ipò rẹ̀ hàn gbangba níbi tí àlejò yóò ti rí i, ẹnikẹ́ni sì lè ka ìwé tí alábẹ̀wò kọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1987 sọ pé kí a yọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí ń gba owó ìjọba láìkéde, kí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún má sì kọjá láìṣe bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn tí ó ti ń sọ nínú ara wọn pé, ‘Ẹ jẹ́ kí a kúkú da ti Òyìnbó kọ,’ dúró díẹ̀. Ní Copthorne, ní West Sussex, a ṣí ilé kan tí ń jẹ́ Orchid View ní 2009. Ilé náà rẹwà. Ní 2010 àjọ alábẹ̀wò sọ pé ó dára. Ní 2011 a tì í pa. Nígbà tí adájọ́ tí í wádìí ikú yẹ ọ̀ràn náà wò ní 2013, ikú àgbà 19 ni ó gbé yẹ̀ wò, ó sì rí i pé àìkàsí ní ọwọ́ nínú ikú márùn-ún nínú wọn. Òṣìṣẹ́ kan nínú ilé náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọlọ́pàá, lẹ́yìn tí a ti ní kí ó ba àwọn ìwé oògùn kan jẹ́. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ẹni tí a rán wá láti ìta rí ilé tí ó dára; ẹni tí ń jẹun nínú ilé náà ni ó mọ̀ pé kò dára. Alábẹ̀wò tí kò bá lè bá òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí kò sì lè dáàbò bò ó kí a má baà lé e lẹ́nu iṣẹ́, ìwé lásán ni yóò máa kà.

Ìwé náà tilẹ̀ lè ti gbó. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, àjọ náà dá ìbẹ̀wò tí ó máa ń ṣe déédéé dúró, a sì tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú, nígbà náà gan-an tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbà ń kú nínú ilé wọ̀nyí. Nígbà tí Dókítà Penny Dash yẹ iṣẹ́ àjọ náà wò fún ìjọba ní 2024, ó rí i pé ìbẹ̀wò rẹ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú gbogbo, tí ó ju 15,000 lọ ní 2019 sí 2020, ti já wálẹ̀ di nǹkan bí 7,000 ní 2023 sí 2024. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ibi kan nínú márùn-ún kò tíì gba ipò kankan rí. Bí ọmọ bá ka ‘ó dára’ lára ògiri, kí ó béèrè ọdún tí a kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ iná ni a fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà wá jù lọ nípa ilé tiwa. Ní ìdájí ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, iná ṣẹ́ yọ ní ilé àwọn àgbà tí à ń pè ní Rosepark, ní Uddingston, ilẹ̀ Scotland. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí a ti ń pín iná mànàmáná káàkiri ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà 14 ni ó kú. Èéfín ni ó pa wọ́n, tí ó gba ojú ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ wọlé bá àwọn tí ń sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń wá ibi tí iná wà kí wọ́n tó pe àwọn panápaná. Ìwádìí tí ó parí ní 2011 sọ pé ètò tí ó péye lórí ewu iná ì bá ti gba díẹ̀ nínú wọn là, tàbí gbogbo wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé náà ní agogo iná, ó sì ní òṣìṣẹ́ lóru. Ilé tiwa ńkọ́? Nítorí olè, a fi irin dí ojú fèrèsé, a fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹni tí ó ni ilé a sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lábẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn púpọ̀ sì lè pa yàrá kan ní oorun. Àwọn tí a tì mọ́lé báyìí ni ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn, ẹni tí kò ríran, àti ẹni tí kò rántí ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bí alábẹ̀wò bá lè béèrè ohun kan ṣoṣo péré, kí ó dé ní aago méjì òru kí ó béèrè pé: kọ́kọ́rọ́ dà?

Àwọn ohun mìíràn tí ó yẹ kí ojú wò kò le, wọn kò sì gba ẹ̀rọ. Kí imú kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ìwé tó ṣe tirẹ̀. Kí a wo ibi tí ife omi wà, nítorí pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bí ó ti ń gbẹ ọmọdé, ara rẹ̀ a sì gbẹ kí ó tó béèrè. Kí a dé ní àkókò oúnjẹ, kí a rí bóyá ẹni tí kò ní eyín rí ohun tí ó lè gbé mì, àti bóyá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rí ẹni bù ú sí i lẹ́nu. Kí nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn àti ìdí àti gìgísẹ̀ àwọn tí kò lè dìde, nítorí pé ibẹ̀ ni egbò ti máa ń dá sí ara àwọn tí a kò yí padà déédéé, egbò náà kì í sì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí a ka oògùn inú ìgò, kí a fi wé ohun tí a kọ sílẹ̀. Oògùn oorun tí a ń fún àgbà kí olùtọ́jú lè sinmi kì í ṣe ìtọ́jú. Kí a tún fetí sílẹ̀. Bí ọmọ ogún ọdún bá ń wí fún ẹni ọgọ́rin ọdún pé ‘Dìde,’ tí kò wí pé ‘Ẹ dìde, Màmá,’ ohun tí ó kù nínú ilé náà ti hàn. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun sọ fún wa nípa àgbà Yorùbá tí àìsàn ìgbàgbé ti gba èdè Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí ó wá ku èdè ìyá rẹ̀ nìkan nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ọ. Ojúlówó ìyà ni èyí, bí ibùsùn náà tilẹ̀ mọ́.

Nípa òfin ilẹ̀ wa, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín kẹrìndínlógún, sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó lè wà fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n apá tí ó wà nínú ìwé náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè mú lọ sí kóòtù. Ní 2018 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀. A yìn wọ́n. Síbẹ̀, ní ilé kan tí mo ti béèrè ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi hàn mí lára ògiri, nínú férémù wúrà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ta sìmẹ́ńtì ní. Kò sọ ohunkóhun fún ọmọ nípa ibi tí ìyá rẹ̀ ń sùn.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá le jù, àwọn ilé náà yóò tì, àwọn àgbà yóò sì di ẹni tí kò ní ibi kankan. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì gbójú fò ó. Kíkó àgbà tí ó ti rẹ̀ láti ibi tí ó ti mọ́ ọn lára lọ sí ibòmíràn lè ṣe é ní ibi. Nítorí náà ni a kò ṣe béèrè kí a máa fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn. A ń béèrè kí a sọ àléébù fún onílé, kí a fún un ní oṣù mélòó kan láti tún un ṣe, kí a sì padà wá wò ó láìkéde. Ibi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu nìkan, bí ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí lóru, ni kò yẹ kí a fún ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni agbára òfin, a ó sì máa kàn án lára. Ṣùgbọ́n ilé wọ̀nyí wà ní àdúgbò, àdúgbò sì ní baálẹ̀. Kò sí òfin tí ó dí baálẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ kí àgbà àdúgbò rẹ̀. Àbá wa ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀ka sí yan ẹni mẹ́ta: nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin kan tí Ìyálóde bá fọwọ́ sí, àti ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ti wáyà iná. Kí wọ́n bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn yóò máa wá; lẹ́yìn èyí kí wọ́n má ṣe sọ ọjọ́ mọ́. Kí wọ́n lọ lọ́sàn-án nígbà oúnjẹ, kí wọ́n sì lọ lóru ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí wọ́n má ṣe jẹ ìrẹsì níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ, kí onílé kọ́kọ́ kà á kí ó sì fèsì, kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù rẹ̀. Onílé tí ń ṣe rere yóò fi í pe oníbàárà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí òbí yín wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a kò ní béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé, ẹ sọ ìlú àti àdúgbò tí ilé náà wà. A kò ní tẹ orúkọ yín jáde. Orúkọ ilé náà nìkan ni àwọn ẹni mẹ́ta yóò nílò.